Láti wáàtì sí dBm: ìṣirò agbára fún oní rédíò ham (ẹni tó ń fi rédíò ṣeré ìdárayá)

Rédíò rẹ kọ 100 W sára. Ìwé àṣẹ ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè kọ 20 dBW. Ètò WSPR lórí kọ̀ǹpútà, tó ń fi àmì kékeré ránṣẹ́ láti mọ ibi tí rédíò lè dé, ní kí o fi dBm dáhùn. Agbára kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sọ: 100 W, 20 dBW àti 50 dBm kò fi ibì kankan ju ara wọn lọ. Kì í ṣe pé ìṣirò yìí le tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú ni pé wọ́n ń po wáàtì àti dẹ́síbẹ́ẹ̀lì (dB, ìwọ̀n tó ń sọ bí agbára kan ṣe ju òmíràn lọ) pọ̀ lójú ọ̀nà. Yí wáàtì sí dBm lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ìbẹ̀rẹ̀, máa rò ó, máa yọ ọ́, bí ìyá ọlọ́jà ṣe ń ka èrè àti àdánù, kí o tó dá a padà sí wáàtì nígbà tí o bá dé òpin.

Kọ́kọ́ to àwọn òdo

1 kW jẹ́ 1,000 W. 1 W jẹ́ 1,000 mW. 1 mW jẹ́ 1,000 µW. Ó tún ń sọ̀ kalẹ̀ sí nW àti pW, ibẹ̀ sì ni àwọn àmì tí áńtẹ́nà ń gbé wọlé láti òkèèrè máa ń wà. Bí o bá ń lọ sí ẹyọ tó kéré, fi 1,000 sọ ọ́ di púpọ̀ ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Bí o bá ń gòkè, fi 1,000 pín in. Nítorí náà 0.2 W jẹ́ 200 mW, 1,500 W sì jẹ́ 1.5 kW.

Ṣọ́ lẹ́tà m. Kékeré ni mílí, ńlá ni mẹ́gà. Ẹni tó kọ 5 MW nígbà tó ní 5 mW lọ́kàn ti fi bílíọ̀nù kan sọ agbára rẹ̀ di púpọ̀, ìyẹn 90 dB. Inú dBm, m kékeré ni, mílíwáàtì ló sì dúró fún, kì í ṣe mítà.

Jẹnẹrétọ̀ àti íńfátà tún ní ti wọn: kVA ni wọ́n ń kọ sára wọn, kVA kì í sì í ṣe kW. Bí wọ́n bá kọ 1 kVA pẹ̀lú power factor (ìdá kVA tó ń di kW) 0.8, 800 W ni o lè retí. Rédíò 100 W tó ń fa 20 A lórí 13.8 V ń gba 276 W (13.8 × 20), ẹ̀rọ tó ń sọ iná ilé di 13.8 V náà á sì jẹ tirẹ̀. Bí ẹ̀rọ yẹn bá ń lo 80% nínú ohun tó gbà, 345 W ló ń fà lára jẹnẹrétọ̀ nígbà tí o bá tẹ bọ́tìnnì ìsọ̀rọ̀. Bí power factor tirẹ̀ bá wá jẹ́ 0.6, ó di 575 VA. Ìdí nìyẹn tí jẹnẹrétọ̀ kékeré fi máa ń kérora tí rédíò “100 W” bá ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀.

Kí ni dBm ń kà?

Òdo ló ń kà. Sọ agbára rẹ di mílíwáàtì, ka òdo tó wà lẹ́yìn 1, fi 10 sọ iye yẹn di púpọ̀. 1 mW kò ní òdo kankan: 0 dBm. 10 mW ní ẹyọ kan: 10 dBm. 1 W jẹ́ 1,000 mW, òdo mẹ́ta: 30 dBm. 1 kW jẹ́ 1,000,000 mW, òdo mẹ́fà: 60 dBm. Ohun tó bá kéré sí 1 mW á ní àmì àyọkúrò níwájú. 1 µW jẹ́ −30 dBm. Kíyè sí i pé 0 dBm kì í ṣe àìsí agbára. Mílíwáàtì kan gbáko ni, ó sì pọ̀ ju ohun tí áńtẹ́nà lásán máa ń gbà lọ fíìfíì.

dBW náà ń kà bẹ́ẹ̀, àmọ́ láti orí 1 W ni tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Yọ 30 kúrò nínú dBm, o ti dé dBW. Fi 30 kún dBW, o ti padà sí dBm. Ní ìlẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù kejì ọdún 2024, ẹni tó ní ìwé àṣẹ Foundation lè lo 25 W (14 dBW), Intermediate 100 W (20 dBW), Full 1,000 W (30 dBW) lórí ọ̀pọ̀ àwọn band (ìpín fíríkúẹ́nsì). Ní Amẹ́ríkà, 1,500 W PEP (agbára ní góńgó tó ga jù lọ) ni òkè pátápátá, ìyẹn 61.8 dBm tàbí 31.8 dBW.

Nígbà tí iye náà kò bá jẹ́ 1 tí òdo tẹ̀ lé, bọ́tìnnì log ló ń bá wa ka ìdá òdo tó kù. Lórí fóònù, ṣí kakulétọ̀. Ọ̀pọ̀ fóònù máa ń mú àwọn bọ́tìnnì tó farapamọ́ jáde tí o bá dà á dùbúlẹ̀. Ká ní 25 W ló wà lọ́wọ́:

1. Tẹ 25, fi 1,000 sọ ọ́ di púpọ̀. 25,000 mW ni.
2. Tẹ log. Ó máa fún ọ ní 4.398.
3. Fi 10 sọ ọ́ di púpọ̀. 43.98 dBm nìyẹn, kọ 44.

Láti padà: pín 43.98 sí 10, ó di 4.398, tẹ 10ˣ, nǹkan bí 25,000 mW ló máa jáde, pín in sí 1,000, 25 W.

Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀ tí ibí yìí fi ń bàjẹ́. Èkíní, ln dípò log. Àwọn bọ́tìnnì méjèèjì sún mọ́ra, ln 25,000 sì jẹ́ 10.127, èyí tó máa sọ pé o ní 101 dBm. Ìyẹn lé ní 13 mẹgawáàtì, kò sì sí NEPA kankan tó máa gbé ìyẹn wá sí yàrá rẹ. Èkejì, 20 dípò 10. Fọ́ltì ló ń lo 20. Agbára, 10 ni. Ẹni tó lo 20 fún 25 W á rí 88 dBm, ìyẹn bí 625 kW. Tí ìdáhùn ẹ̀rọ tó wà lórí tábìlì bá ti kọjá 62 dBm, padà lọ wo ohun tí o tẹ̀.

Láìsí kakulétọ̀

Lórí òkè ilé, tí ọwọ́ kan ń di òpó mú, kò sẹ́ni tó fẹ́ máa wá bọ́tìnnì log. Há nǹkan mẹ́ta sórí: fi 10 dB kún un, agbára di ìlọ́po mẹ́wàá, fi 3 dB kún un, ó di ìlọ́po méjì, yọ 3 dB, ó di ìdajì. Ìyókù jáde látinú wọn. 6 dB ni ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn mẹ́rin. 7 dB ni 10 dB tí a yọ 3 kúrò nínú rẹ̀: mẹ́wàá pín sí méjì, márùn-ún. 4 dB ni 10 tí a yọ 6 kúrò nínú rẹ̀: mẹ́wàá pín sí mẹ́rin, 2.5. 1 dB jẹ́ nǹkan bí 1.26.

Wàyí o, 37 dBm: 30 ni 1 W, 7 tó ṣẹ́kù ni ìlọ́po márùn-ún, 5 W. 44 dBm: 40 ni 10 W, 4 ni 2.5, 25 W. 23 dBm: 20 ni 100 mW, 3 ni ìlọ́po méjì, 200 mW. Àṣìṣe tó wà nínú èyí kò tó 0.1 dB, mítà tí o fẹ́ fi wọ̀n ọ́n kò sì mọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Òfin àròpọ̀ kan tún wà tí kò gbọdọ̀ yẹ̀. O lè fi dB kún dBm, o sì lè yọ ọ́. dBm ló máa jáde. O lè yọ dBm kan kúrò nínú dBm mìíràn. dB ló máa jáde, ìyẹn bí ọ̀kan ṣe ju èkejì lọ. Àmọ́ o kò lè ro dBm méjì pọ̀. Ẹ̀rọ méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tú 30 dBm jáde, tí a so pọ̀ dáadáa, 33 dBm ni wọ́n máa fún ọ (1 W àti 1 W, 2 W), kì í ṣe 60. 60 dBm ni kílówáàtì kan.

Láti rédíò dé áńtẹ́nà

Ibí ni èrè iṣẹ́ yìí wà. Ká mú rédíò 50 W lórí 145 MHz, mítà 20 wáyà coax, àti áńtẹ́nà tí èrè rẹ̀ jẹ́ 6 dBi (a máa ṣàlàyé dBi nísàlẹ̀). RG-58 máa ń jẹ nǹkan bí 20 dB nínú 100 m ní fíríkúẹ́nsì yẹn, nítorí náà 20 m á jẹ 4 dB. Fi 0.5 dB kún un fún àwọn ojú ìsopọ̀.

50 W: 47 dBm
àdánù wáyà: −4 dB
àdánù ìsopọ̀: −0.5 dB
ohun tó dé ẹsẹ̀ áńtẹ́nà: 42.5 dBm, ìyẹn 17.8 W
èrè áńtẹ́nà: +6 dB
EIRP (agbára tó ń tàn jáde tí a bá ti ka èrè áńtẹ́nà mọ́ ọn): 48.5 dBm, ìyẹn nǹkan bí 71 W

Nínú 50 W tó jáde, 32 W ti di ooru lójú ọ̀nà. Bọ́ RG-58 kúrò, fi RG-213 sí i, èyí tó ń jẹ bí 8.5 dB nínú 100 m. 20 m á jẹ 1.7 dB. 47 − 1.7 − 0.5 jẹ́ 44.8 dBm, 30 W, ní ẹsẹ̀ áńtẹ́nà. Fi 6 kún un, 50.8 dBm, 120 W EIRP. O kò fọwọ́ kan rédíò rárá. Lórí 7 MHz, ìyàtọ̀ wáyà méjèèjì kéré gan-an, kò sì sí ìdí tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nìkan á fi náwó tó bẹ́ẹ̀. Tábìlì àdánù tí o bá ń wò gbọ́dọ̀ jẹ́ ti fíríkúẹ́nsì tìrẹ, kí o sì wò ó bóyá 100 m ni wọ́n kọ tàbí 100 ẹsẹ̀ bàtà. 100 ẹsẹ̀ bàtà jẹ́ 30.5 m péré. Ẹni tó bá fi ọ̀kan rọ́pò èkejì ti ṣìnà ní ìlọ́po mẹ́ta.

Ní ti áńtẹ́nà, bí ẹni tó ń tà á bá sọ “6 dB” tó sì dákẹ́, bi í léèrè: 6 dB ju kí ni lọ? dBi ń fi áńtẹ́nà wé orísun inú èrò tó ń tàn ká ọgbọọgba sí gbogbo ìhà. dBd ń fi wé dípólù. Dípólù fúnra rẹ̀ jẹ́ 2.15 dBi, torí náà 6 dBd jẹ́ 8.15 dBi. Àwọn tó ń tajà mọ èyí tí nọ́ḿbà rẹ̀ tóbi jù, wọn kì í sì í gbàgbé láti lò ó.

ERP àti EIRP náà bẹ́ẹ̀. ERP dá lórí dípólù, EIRP dá lórí dBi. Yọ 2.15 kúrò nínú EIRP kí o tó dé ERP: 50.8 dBm EIRP jẹ́ 48.65 dBm ERP, ìyẹn 73 W. Tó bá jẹ́ wáàtì ni o ń bá lọ, 1.64 ni iye tí o máa fi sọ ERP di púpọ̀ kó lè di EIRP. Ka ìwé òfin dáadáa kí o mọ èyí tó ń béèrè. Àyè tí àpérò rédíò àgbáyé WRC-15 fún àwọn ham láàárín 5351.5 àti 5366.5 kHz jẹ́ 15 W EIRP fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Pẹ̀lú dípólù tí èrè rẹ̀ jẹ́ 2.15 dBi, kò ju nǹkan bí 9 W lọ ní ẹsẹ̀ áńtẹ́nà. Ní ìlẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bákan náà, 10 W EIRP ni ẹnu àlà tí ìṣirò ààbò ara kúrò lọ́wọ́ ìtànṣán ti di dandan. EIRP ni, kì í ṣe ohun tí mítà rédíò kọ.

Bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n nílé

Má gba ohun tí wọ́n kọ sára páálí rédíò gbọ́ pátápátá, pàápàá ti àwọn tó ń bọ̀ láti ọjà olówó pọ́ọ́kú. Fún 1.8 sí 30 MHz, o lè ṣe ohun ìwọ̀n tìrẹ.

Rà rẹ̀sísítọ̀ 20, 1 kΩ, 2 W ọ̀kọ̀ọ̀kan, oníkábọ́ọ̀nù tàbí onífíìmù. Má ra èyí tí wọ́n fi wáyà yí ká. Wáyà yẹn jẹ́ kóìlì, kò sì ní jẹ́ 50 Ω mọ́ tí rédíò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Gé páálí bàbà méjì, to àwọn rẹ̀sísítọ̀ sáàárín wọn bí igi ọgbà, jó wọn mọ́ ọn pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì, kí ẹsẹ̀ wọn kúrú. Ogún 1 kΩ tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn jẹ́ 50 Ω, 40 W lápapọ̀. Fi mítà wò ó kí o tó so mọ́ rédíò: láàárín 49 àti 51 ló yẹ kó wà. Tó bá jẹ́ 52.6, rẹ̀sísítọ̀ kan kò gba lẹ́ẹ̀dì.

So dáyóòdù 1N4148 mọ́ ẹ̀gbẹ́ tó gbóná (ibi tí àmì rédíò ń wọlé, kì í ṣe ìhà ilẹ̀), kí ìlà rẹ̀ kọjú sí ìhà mítà. Láti ẹsẹ̀ onílà yẹn, so kàpásítọ̀ 10 nF tó lè gba 100 V mọ́ ilẹ̀. Orí kàpásítọ̀ yìí ni wàá fi mítà DC lé. Tẹ rédíò lórí CW (àmì Morse) tàbí FM, ka fọ́ltì, fi 0.6 tí dáyóòdù jẹ kún un, sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀, pín in sí 100. Bí mítà bá kà 21.8 V: 21.8 + 0.6 jẹ́ 22.4, 22.4 × 22.4 jẹ́ 501.8, pín sí 100, 5 W, 37 dBm.

Ẹni tó gbàgbé 0.6 náà lórí 5 W á rí 4.75 W, kò burú. Àmọ́ lórí 100 mW, mítà á ka 2.56 V, ìṣirò á sì fún un ní 65 mW. Ó ti pàdánù ìdá mẹ́ta sọ́wọ́ dáyóòdù. Ní òkè náà, 1N4148 ní ààlà. Fọ́ltì tó ń kọjú sí i láti ẹ̀yìn jẹ́ ìlọ́po méjì góńgó ìgbì, nítorí náà dáyóòdù 75 V kò gbọdọ̀ kọjá nǹkan bí 14 W. Tó bá jó, ó sábà máa ń jó di wáyà lásán, mítà á sì ka ìranù tàbí òfo, èèyàn á wá rò pé rédíò ló bàjẹ́.

Ẹni tó ní òsílóskópù kò nílò dáyóòdù. Ka fọ́ltì láti góńgó òkè dé góńgó ìsàlẹ̀ lórí 50 Ω, sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀, pín in sí 400. 44.7 V fún ọ ní 5 W. 200 V fún ọ ní 100 W. Tí probe (wáyà ìwọ̀n rẹ̀) bá wà lórí 10× tí o kò sì sọ fún òsílóskópù, agbára á kéré sí òtítọ́ ní ìlọ́po 100, ìyẹn 20 dB gééré. Ìgbì náà sì gbọ́dọ̀ dán bí sáìnì. Tó bá rí ségesège, hàmónìkì (ìgbì tí fíríkúẹ́nsì rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po ti àkọ́kọ́) ti wọ inú rẹ̀, ìṣirò yìí kò sì ní jóòótọ́ mọ́.

Àwọn kan fẹ́ràn láti gbé atẹnúétọ̀ (ohun tó ń dín agbára kù) síwájú ẹ̀rọ ìwọ̀n kékeré. 37 dBm tí a yọ 40 dB kúrò nínú rẹ̀ jẹ́ −3 dBm, 0.5 mW, ẹ̀rọ á gbà á láìṣe wàhálà. Ṣùgbọ́n gbogbo 5 W yẹn ń di ooru nínú atẹnúétọ̀ àkọ́kọ́. Èyí tí wọ́n kọ 2 W sí á jóná, tó bá sì jóná tán, kò dájú pé ó ṣì ń dá nǹkan kan dúró, ẹ̀rọ ìwọ̀n ló sì kàn.

PEP àti ohun tí mítà ń fi hàn

Lórí SSB (ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ kan lórí rédíò), ohùn ń gòkè ó ń sọ̀ kalẹ̀. PEP ni agbára ní góńgó tó ga jù lọ. Mítà tó ń ka ìpíndọ́gba kì í rí i. Rédíò tó ń tú 100 W PEP jáde lè máa tọ́ka sí 25 W péré nígbà tí èèyàn ń sọ̀rọ̀, kò sì sí ohun tó ṣe é. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oníǹkan bá ń yí mic gain (ìwọ̀n ohùn gbohùngbohùn) sókè kí abẹ́rẹ́ lè dé 100. Ohùn á fọ́, á sì ya wọ ilé àwọn aládùúgbò lórí band. Fi ohùn dídọ́gba méjì dán an wò tí o bá fẹ́ mọ òtítọ́: ìpíndọ́gba á jẹ́ ìdajì PEP, 3 dB sísàlẹ̀. Lórí AM, carrier (ìgbì tó ń gbé ohùn) 25 W tí a sọ̀rọ̀ lé ní 100% jẹ́ 100 W PEP, ìlọ́po mẹ́rin, 6 dB. CW tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀, FM, FT8 (ọ̀nà ìfiránṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà) àti WSPR kò ní ìyàtọ̀ yìí. PEP àti ìpíndọ́gba dọ́gba nígbà tí bọ́tìnnì bá wà nílẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí rédíò fi ń gbóná jù lórí wọn.

Ní ìhà ìgbọ́ràn, S ni ìpele tí S-mítà rédíò fi ń sọ bí àmì ṣe lágbára tó. S9 lórí HF (3 sí 30 MHz) jẹ́ −73 dBm, ìyẹn 50 µV lórí 50 Ω. Òkè 30 MHz, −93 dBm ni, 5 µV. S kan sí èkejì jẹ́ 6 dB. Nítorí náà S7 lórí HF jẹ́ −85 dBm, S9+20 sì jẹ́ −53 dBm, 5 nW. Tí ẹ̀rọ kan bá ń sọ dBµV (dẹ́síbẹ́ẹ̀lì láti orí 1 µV) lórí 50 Ω, yọ 107 kúrò kí o tó dé dBm: 34 dBµV jẹ́ −73. Fi ojú yìí wo ẹni tó fẹ́ lọ ra amplifier (ẹ̀rọ tó ń fi kún agbára): láti 100 W dé 400 W, S ẹyọ kan ni. S-mítà inú ọ̀pọ̀ rédíò kò tilẹ̀ tẹ̀ lé 6 dB yìí délẹ̀, nítorí náà má fi í ṣe ohun ìwọ̀n.

Nọ́ḿbà tí o ń kọ sínú WSPR

WSPR ń fi orúkọ ìpè, àmì ibùgbé lórílẹ̀ (Lagos JJ16, Ìbàdàn JJ17) àti agbára ránṣẹ́ láàárín nǹkan bí 110 ìṣẹ́jú àáyá. dBm ni agbára yìí, àwọn nọ́ḿbà tó parí sí 0, 3 tàbí 7 nìkan ló sì ń gbà, láti 0 dé 60. 100 mW, 20. 200 mW, 23. 500 mW, 27. 1 W, 30. 2 W, 33. 5 W, 37.

Tí ìwọ̀n rẹ bá bọ́ sáàárín, mú èyí tó sún mọ́ ọn jù: 3 W jẹ́ 34.8 dBm, ó sún mọ́ 33 ju 37 lọ, kọ 33. Àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe beacon (ẹ̀rọ tó ń dá fi àmì WSPR ránṣẹ́) ló sábà máa ń ṣi èyí ṣe. Wọ́n á kọ 10 nítorí pé 10 W ni rédíò wọn. Gbogbo ẹni tó gbọ́ wọn kárí ayé á kà á sí 10 mW, á sì máa yà wọ́n lẹ́nu bí irú áńtẹ́nà yẹn ṣe dára tó. 40 ló yẹ kó wà níbẹ̀. Kọ ohun tó ń jáde lẹ́nu rédíò, tí o fi dummy load (ẹrù 50 Ω, bí èyí tí a fi rẹ̀sísítọ̀ ṣe lókè) wọ̀n, má sì fi èrè áńtẹ́nà kún un. Ẹni tó wà ní òkè òkun ló ń fi agbára yẹn àti bó ṣe gbọ́ ọ ṣe ìṣirò tirẹ̀.